Òjìji Kì Í Fi Àmì Sílẹ̀

Ife tíì Tíṣà ló kọ́kọ́ jábọ́, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ìtàn ló ń sọ lọ́wọ́. Ó na apá méjèèjì, ó ń ṣàpèjúwe bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ṣe ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká sì ti ń fà sún mọ́ ọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ há mọ́ ọn lọ́fun. Wọ́n rò pé ara eré ni. Káfíńtà tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí ojú Tíṣà yí padà, tó ṣubú lu tábìlì, tí tíì tó kún fún mílíìkì àti ṣúgà sì dà sí i láyà, ni ìyàwó rẹ̀ figbe ta lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Kó tó di ọ̀sán, Tíṣà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó ń pè é. Dókítà ní oògùn eku ló wà nínú tíì náà. Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣeré, ti wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá.

“Ẹjọ́ yìí ti parí, mà,” ni Sájẹ́ńtì wí. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. “Àfi bí ìgbà tí ẹran fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àpò ọdẹ.”

“Irú ẹran bẹ́ẹ̀, kí ọdẹ yáa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó jẹ ẹ́.”

Obìnrin tó dá a lóhùn yìí ni olórí àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgọ́ náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Má-Kànjú ni gbogbo àgọ́ ń pè é, nítorí gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, “mà” ni.

“Jókòó,” ó ní. “Rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Eré kan ni wọ́n máa ń ṣe nílé Tíṣà láràárọ̀ Sátidé, mà. Àwọn àgbàlagbà o! Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká. Tíṣà á máa sọ ìtàn, kálukú wọn á sì máa ṣe ẹnì kan nínú ìtàn náà. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fo odò, wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ̀ bóyá ó fò ó àbí ó kó sómi. Káfíńtà ń ṣe jagunjagun. Ayàwòrán ń ṣe ẹlẹ́ṣin. Aránṣọ ní tiẹ̀, apànìyàn ló ń ṣe. Òjìji ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù á máa bà wọ́n nínú ilé ara wọn.”

“Ṣé ìyẹn lo torí ẹ̀ mú un?”

“Rárá o, mà.” Ó gbé bọ́tìnì dúdú kan sórí tábìlì, ó rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin. “Inú àpò àyà Tíṣà ni a ti bá eléyìí nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nílé ìwòsàn. Àwòrán Òjìji wà lára ògiri pálọ̀ Tíṣà. Ó dúró lórí òkú, bọ́tìnì dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi í sínú àpò ẹni tó pa. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Irú bọ́tìnì yìí sì kún ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn fọ́fọ́.”

Má-Kànjú ò wo bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀mejì. “Gbé ẹ̀wù náà wá. Gbé gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ wá pẹ̀lú.”

Tíì ti gbẹ mọ́ iwájú ẹ̀wù náà, ó gan bíi páálí. Aṣọ ìnujú tó wà nínú àpò ti lẹ̀ mọ́ra, ṣúgà ti mú un le. Ṣọ́ọ̀kì kan tó wà níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó sì ti gbẹ mọ́ ìdí àpò. Má-Kànjú mú bọ́tìnì náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń dán bí ojú ẹja tútù.

“Hùn-ún,” ó ní.

“Kí lẹ rí, mà?”

“Ohun tí ìwọ náà rí. Jẹ́ ká lọ bá Aránṣọ.”

*

Aránṣọ ti sunkún débi tí omi ojú tán. Obìnrin tó tó ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, tẹ́ẹ̀rẹ́, okùn ìwọnṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ìkánjú tí wọ́n fi mú un ò jẹ́ kó rántí yọ ọ́.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa Tíṣà?”

“Èmi kọ́, mà.”

“Wọ́n ní o mọ iṣẹ́ apànìyàn ju ẹni tó ń ṣe é lọ.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. “Mà, adìẹ tí mo bá fẹ́ jẹ pàápàá, wọ́n máa ń bá mi pa á ni. Èmi á ti di etí mi lẹ́yìnkùlé.”

“Báwo lo ṣe wá ń ṣe é tí wọ́n fi ń gbà ẹ́ gbọ́?”

Ìbéèrè yẹn bá a lójijì. Látàárọ̀, ẹni tó bi í léèrè òótọ́ ò tíì sí. Ó jókòó dáadáa.

“Nígbà tí Òjìji kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi, ẹni ẹ̀rín ni. Á fò láti orí òrùlé, á ju ọ̀bẹ lọ́tùn-ún, á ju ọ̀bẹ lósì, kò sì sí dáìsì tó lè mú un. Gbogbo wa máa ń pariwo, àmọ́ ẹ̀rù ò bà wá. Mo wá bi ara mi pé, tí mo bá rán aṣọ tó bá èèyàn mu, ṣé òwú tí mo fi rán an ni wọ́n máa ń yìn? Wọn kì í tiẹ̀ rí i. Iṣẹ́ tó dáa kì í pariwo, mà. Ni mo bá yọ fífò kúrò. Òjìji tèmi á kọ́kọ́ lọ gbé àdúgbò ẹni tó fẹ́ pa. Á mọ ilẹ̀kùn tó máa ń dún. Á mọ ajá tó ń gbéni jẹ, á mọ èyí tó kàn ń fi ẹnu ṣe fáàárí. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ló máa ń gbà, nítorí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹni tó ń gbálẹ̀. Kó tó wọlé, á ti mọ ibi tí òun máa gbà jáde. Tí nǹkan ò bá sì rí bó ṣe fẹ́, kò ní bínú, á padà sílé lọ sùn.”

“Ẹ̀rù kì í bà á?”

“Ó ń bà á, mà! Tó bá ṣe é tán, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè jẹun. Apànìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ère lásán ni.”

Sájẹ́ńtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti gbàgbé pé òun ń ṣọ́ ọ̀daràn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu.

“Bọ́tìnì dúdú yẹn ńkọ́?” ni Má-Kànjú bi í.

“Ìyẹn ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ jù nù, mà. Ẹni tó ń fi àmì sílẹ̀, ṣe ló ń bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá mú òun. Nínú ìtàn, Òjìji kó gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sọ sínú kànga. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Káfíńtà wà níbẹ̀, Tíṣà ló sì sọ ọ́ bí kànga náà ṣe jìn tó.”

“Nígbà tí Tíṣà ṣubú, kí lo ṣe?”

“Mo sáré jáde lọ dá mọ́tò dúró lójú títì. Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo fi padà, wọ́n ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mọ́tò kún, mi ò bá wọn lọ.” Ó fa okùn ìwọnṣọ náà kúrò lọ́rùn. “Mà, ìyàwó Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n tí mo ní lágbàáyé. Òun ló gba ilé fún mi lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ, lójú pópó, lójú gbogbo èèyàn, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ wádìí rẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá tiẹ̀ máa tì mí mọ́lé, kí òun ṣáà mọ̀ pé èmi kọ́.”

*

“Káfíńtà ni, mà!” Sájẹ́ńtì pàdé rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. “Aládùúgbò Tíṣà ló sọ fún mi. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá òun gbọ́ tí Káfíńtà ń pariwo mọ́ Tíṣà pé, ‘Ìwọ lo pa á! Mi ò ní gbà! Ìwọ náà á jẹ ẹ́!’ Tíṣà ti pa èèyàn kan rí, Káfíńtà fẹ́ gbẹ̀san!”

“Ó dáa. Ká lọ bi í léèrè òkú rẹ̀.”

Ọkùnrin gìrìwò ni Káfíńtà, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíì. Wọ́n bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó láàárín ìdọ̀tí pákó, ó ń fá ilẹ̀kùn kan tó ti tẹ́jú tipẹ́. Èèyàn rí i pé kí ọwọ́ má bàa dilẹ̀ ló ń ṣe.

“Ta ni Tíṣà pa?” ni Má-Kànjú bi í láìkí i.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó gbé ìfági sílẹ̀.

“Jagunjagun mi ni, mà.”

“Jagunjagun…”

“Inú eré. Afárá ló wó mọ́ ọn lórí. Mo ju dáìsì, dáìsì dà mí. Mo ti ń bá ọkùnrin yẹn bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mà. Mo mọ ìyá rẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹṣin rẹ̀.” Ó nu ojú. “Mo pariwo mọ́ Tíṣà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di pé mo délé, ó ti pè mí lórí fóònù pé jagunjagun náà ní àbúrò kan tó ń bọ̀ wá wá a. Báyìí, àbúrò yẹn ni mò ń ṣe. Ó tiẹ̀ lágbára jù ú lọ.”

Sájẹ́ńtì wo ilẹ̀. Má-Kànjú ń jẹ ẹ̀rín mọ́nú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀,” ó ní, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwàdà ni. “Ta ló gbé Tíṣà wọ mọ́tò?”

“Èmi àti Ayàwòrán. Mo gbé ẹsẹ̀, òun gbé apá òkè. Nínú mọ́tò, orí itan Ayàwòrán ni orí Tíṣà wà títí a fi dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, ó ń sunkún. Ojú fèrèsé lèmi ń wò ní tèmi, mo ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n yà fún wa.”

“Ayàwòrán yẹn, ṣé ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti jọ ń ṣeré?”

“Òun ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Tíṣà. Òun ló kọ́kọ́ ṣe Òjìji. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ìlú míì, ibẹ̀ ló wà títí di oṣù tó kọjá. Kó tó dé, Òjìji ti di ti Aránṣọ.” Káfíńtà mi orí. “Ó ní kí wọ́n dá a padà fún òun. Àwa yòókù la bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ Òjìji lẹ́nu Aránṣọ, tiẹ̀ á dà bí eré ọmọdé létí rẹ̀. Mo rò pé mo tiẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lòun wí?”

“Ó rẹ́rìn-ín ni, mà.”

*

Ilé ìwòsàn ni Má-Kànjú yà sí lẹ́yìn náà. Ìyàwó Tíṣà ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Aránṣọ kú sí àtìmọ́lé. Àmọ́ ó dáhùn ìbéèrè kan tí wọ́n bi í, pé ta ló gbé àwọn ife sórí tábìlì. Ó ní òun kàn gbé kẹ́tùlù jáde láti ilé ìdáná ni. Àwọn ife ti wà nílẹ̀, ti ọkọ òun sì wà níwájú àga rẹ̀, ife aláwọ̀ ewé tí kò sẹ́lòmíì tó ń lò ó. Ayàwòrán ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ yẹn, ẹni náà ló bá òun to àwọn ife náà.

“Ẹ máa bọ̀ nílé yín ní ìrọ̀lẹ́, mà,” ni Má-Kànjú wí. “Ẹ jọ̀ọ́. Kò ní pẹ́.”

*

Oòrùn ṣì ń ràn wọ pálọ̀ nígbà tí gbogbo wọn pé. Káfíńtà jókòó sórí àga tó ń ké lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó káwọ́ mọ́ àyà. Sájẹ́ńtì mú Aránṣọ wọlé, ó sì dúró tì í. Ayàwòrán jókòó sábẹ́ àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà kó tó rìnrìn àjò, àwòrán Òjìji tó fẹ́ fi bọ́tìnì sínú àpò òkú. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ti rọra bi gbogbo èèyàn léèrè àlàáfíà wọn.

Má-Kànjú jókòó sórí àga Tíṣà. “Ẹ jẹ́ kí n di Tíṣà fún ìṣẹ́jú díẹ̀,” ó ní. “Òjìji ti wọ yàrá ọba. Ọba ti kú. Ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀. Kí ni Òjìji máa ṣe kó tó jáde?”

“Á gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀,” ni Káfíńtà wí kíá. “Á máa gbálẹ̀ lọ títí á fi dé géètì. Á tún kí àwọn ẹ̀ṣọ́.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

“Mi ò mọ nǹkan kan nípa eré wọn,” ni ìyàwó Tíṣà dáhùn. “Mi ò mọ̀ ju kí n po tíì lọ.”

“Ayàwòrán?”

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kí lẹ tún ń bi wá sí, mà? Gbogbo wa la mọ̀. Á fi bọ́tìnì dúdú sílẹ̀ lára ẹni tó pa. Kò pani rí kó má fi í sílẹ̀.”

“Bọ́tìnì kẹ̀?” Káfíńtà yíjú sí i. “Bọ́tìnì tó ti sọ sínú kànga látọjọ́ yìí?”

“Kànga wo?”

Aránṣọ gbójú sókè.

Má-Kànjú rọra gbé ẹ̀wù Tíṣà sórí tábìlì. “Tíì dà sínú àpò yìí nígbà tí Tíṣà ṣubú. Aṣọ ìnujú rẹ̀ gan, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ di ẹrẹ̀. Bọ́tìnì nìkan ló ń dán. Kí ló dé? Kò sí níbẹ̀ nígbà tí tíì dà. Ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀wù náà ti ń gbẹ, nínú mọ́tò. Aránṣọ ò sí nínú mọ́tò. Ìyàwó wà níwájú. Ẹsẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Káfíńtà, ó sì mọ̀ pé Òjìji ti jáwọ́ nínú bọ́tìnì. Ta ló kù?”

Ẹ̀rín Ayàwòrán ò tíì kúrò, àmọ́ ojú rẹ̀ ò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, mà. Bọ́tìnì lè má rin. Ẹ̀rí dà?”

Òótọ́ ló sọ, Má-Kànjú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sú.

“Kò sí ẹ̀rí. Ká sòótọ́, ojú ló ń tì mí. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, mo ti bá àwọn tó mọṣẹ́ pàdé. Ẹni tó ṣe eléyìí? Ọ̀gbẹ̀rì ni. Aláṣejù, ṣekárími. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe bojúbojú gbọ́n jù ú lọ.” Ó yíjú sí Aránṣọ. “Ìwọ tó o mọ Òjìji, tí irú ẹni yìí bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun síṣẹ́, kí ló máa wí?”

Aránṣọ wo Ayàwòrán. Ohun tí Má-Kànjú ń wá sì yé e.

“Kò ní gbà á, mà,” ó ní, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. “Ìgbálẹ̀ pàápàá, Òjìji ò ní jẹ́ kó bá òun gbé e.”

Àga Ayàwòrán ṣubú sẹ́yìn.

“Ta lẹ̀ ń pè ní ọ̀gbẹ̀rì? Èmi ni mo dá Òjìji! Orí òrùlé ni mo fi í sí, ẹ̀yin lẹ gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ tún ń pàtẹ́wọ́! Ọ̀gbẹ̀rì! Ta ló rí mi? Mo fi í sí ìdí ife kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, mo fi ṣúgà bò ó, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ da tíì lé e lórí! Lójú gbogbo yín! Ẹ sọ fún mi, nínú gbogbo yín, ta ló rí mi?”

Òun náà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó sì wo ilẹ̀kùn, àmọ́ Sájẹ́ńtì ti dúró síbẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó rí ọ,” ni Má-Kànjú wí, ó ń dìde. “Ohun tí o ò lè fara dà nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni. O ò lè ṣiṣẹ́ kí wọ́n má yìn ọ́.”

*

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó dúró níta mú un lọ tán, ìyàwó Tíṣà ò tíì kúrò lójú kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi da tíì. Ó sì rìn kọjá tábìlì, ó dé iwájú Aránṣọ, ó kúnlẹ̀ gbì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!” Aránṣọ ń fà á lápá. “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ.”

“Ẹnì kan fẹ́ pa ọkọ yín. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.”

“Mo mọ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ìwọ kọ́.”

Àwọn méjèèjì di mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún, Káfíńtà náà bá wọn sun tiẹ̀ láàyè ara rẹ̀. Ẹkún yẹn ni wọ́n ń sun lọ́wọ́ tí fóònù ìyàwó Tíṣà fi dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, ó gbá ẹnu mú.

“Ó ti lajú,” ó ní. “Ó ń bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀.”

Mọ́tò ọlọ́pàá ló gbé gbogbo wọn lọ, Má-Kànjú fúnra rẹ̀ ló wà á, ọjọ́ yẹn nìkan sì ni Sájẹ́ńtì rí i tó ń sáré. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, nọ́ọ̀sì na ọwọ́ dí wọn lọ́nà, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé. Ìyàwó Tíṣà ti gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ó fà á padà. Ó mú Aránṣọ lọ́wọ́, ó tì í síwájú.

“Òun ni kó kọ́kọ́ wọlé,” ó sọ fún nọ́ọ̀sì. “Àbúrò mi ni.”

Aránṣọ wọlé. Gbogbo wọn tẹ́tí mọ́ ilẹ̀kùn bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n gbọ́ ohùn Tíṣà, fẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó ń bèèrè bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba rí Òjìji mú, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀rín Aránṣọ tó bú jáde lójijì. Káfíńtà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó figbe ayọ̀ ta, kọ́rídọ̀ mì tìtì, àwọn aláìsàn ń yọjú, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń sáré bọ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì láti wá lé wọn jáde.